Wáyà Ọ̀gá Kò Bá Ti Akọ̀wé Dọ́gba

Kò sí ohun tí Olúkúnlé Adéṣọkàn kórìíra láyé yìí tó ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: adelé. Òun ni wọ́n ń fi síwájú oyè rẹ̀ nínú gbogbo lẹ́tà tó ń ti Ìbàdàn wá: Adelé Ọ̀gá Àgbà, Àjọ Àkójọ Ilẹ̀ Oko, Ìlọrà. Bí lẹ́tà bá ti dé, kó tó mọ ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, á kọ́kọ́ yọ bírò, á wá ọ̀rọ̀ náà kàn lára àpò ìwé, á sì máa pa á rẹ́ títí bírò á fi lu ìwé já. Ọdún méjì ààbọ̀ ló ti ń pa á rẹ́. Ìbàdàn náà ò sì yéé kọ ọ́.

Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe tíṣà ní abúlé kan lẹ́yìn Akínmọ̀ọ́rìn, níbi tí ewúrẹ́ ti ń wá sí kíláàsì déédéé ju àwọn ọmọ lọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣí fìlà fún un rí. Ẹni tí wọn ò kí dáadáa fún ọdún mọ́kàndínlógún, bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń kí èèyàn, kò ní fẹ́ kí kíkí náà dáwọ́ dúró mọ́. Ní àjọ rẹ̀, bí Ọ̀gá bá wúkọ́, ẹ kí i. Bó bá sín, ẹ kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ṣàràfá, tí í ṣe olórí àwọn ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, ti mọ imú Ọ̀gá débi pé ó máa ń kí i kó tó sín.

Iṣẹ́ àjọ náà fúnra rẹ̀ kò ta kókó. Àgbẹ̀ á ti Ìwàré wá, á ní oko òun bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi ìyeyè títí dé etí odò, wọn á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ má baà dìjà lọ́jọ́ iwájú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1998, ìjọba fún wọn ní kọ̀m̀pútà méjì. Ọ̀gá wò wọ́n yí ká, ó ní òrùlé ọ́fíìsì ń jò, ó sì kó wọn lọ sílé ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ó gbé ọ̀kan sí pálọ̀ fún ara rẹ̀, ó gbé ìkejì sí yàrá ẹ̀yìn fún Mùtàlíbù akọ̀wé. Òótọ́ ni pé òrùlé ọ́fíìsì ń jò. Ìwé oko àwọn àgbẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibi tó ti ń jò náà, kò sẹ́ni tó rántí kó ìyẹn.

Ìgbà náà ni lẹ́tà kan dé. Arábìnrin Hamidah Oyèṣílé, àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba kan n'Ìbàdàn, ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó fẹ́ wá wò ó bóyá kọ̀m̀pútà méjèèjì lè máa bára wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ wáyà inú ògiri, kí ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ní yàrá kan lè hàn ní yàrá kejì. Bó bá rí i bẹ́ẹ̀, wọn á yọ adelé kúrò níwájú oyè Ọ̀gá. Bí nǹkan ò bá lọ déédéé, wọn á wá ẹlòmíràn fi sórí àga náà.

Ọ̀gá ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n lọ wá oníwáyà wá.

Ẹni tí wọ́n rí ni Dorcas, ọmọ Fìdítì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó kọ́ iṣẹ́ tẹlifóònù àti kọ̀m̀pútà n'Ìbàdàn, tó sì ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá àwọn tó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó lójú títì. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Àléébù tó ní lọ́dọ̀ Ọ̀gá nìyẹn, torí Ọ̀gá gbà pé ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan péré kí òun kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Dorcas kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà,” ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti wáyà gba inú ògiri, ó gbé àpótí kékeré kan kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wáyà pálọ̀ àti ti yàrá ẹ̀yìn yóò ti pàdé. Nígbà tó tó àkókò láti lu ihò tí wọ́n á máa ki orí wáyà bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pálọ̀.

“Dúró níbẹ̀!” Ọ̀gá ké. “Ihò ta ni o fẹ́ lù yẹn?”

“Ihò tiyín ni, sà.”

“Ihò tèmi, nílẹ̀ẹ́lẹ̀? Kí ewúrẹ́ máa fi ìrù nù ún? Ti Mùtàlíbù ńkọ́, níbo ló wà?”

“Ìsàlẹ̀ náà ni, sà. Bákan náà ni wọ́n ṣe rí.”

“Bákan náà!” Ọ̀gá yíjú sí Ṣàràfá. “Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ? Ó ní bákan náà!”

Ṣàràfá fi ọwọ́ méjèèjì di etí. “Ọ̀gá mi, ìka ọwọ́ ò dọ́gba! Ọlọ́run tó dá ìka, ṣé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bákan náà ni?”

Bí wọ́n ṣe gbé ihò Ọ̀gá lọ sókè nìyẹn. Wọ́n gbé e kọjá ojú fèrèsé, wọ́n gbé e kọjá fọ́tò ńlá kan tí Ọ̀gá ti ń bọ ẹnìkan lọ́wọ́. Ẹni náà kò hàn nínú fọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù, torí wọ́n ti gé e dànù kí ojú Ọ̀gá lè tóbi. Òkè fọ́tò yìí, nítòsí àjà, ni wọ́n lu ihò náà sí. Ẹni tó bá fẹ́ ki wáyà bọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ gun àga. Dorcas ò jiyàn. Ó ní gíga ihò kì í ba wáyà jẹ́, ó fa àga, ó gùn ún.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, Ọ̀gá ì bá wà lórí àga rẹ̀ títí di òní. Àmọ́ inú wáyà yẹn, okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀ síra, ètò kan sì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tò wọ́n. Ọ̀gá dúró nísàlẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Dorcas.

“Èwo ló ṣáájú nínú wọn?”

“Funfun onílà ọsàn, sà. Ọsàn fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ló kan funfun onílà ewé...”

“Ọsàn!” Ọ̀gá pè é bí ẹni tí èyí tó kan wà lẹ́nu rẹ̀. “Ìwọ ọmọ Fìdítì, o dìde ní Fìdítì, o wá fi ọsàn ṣáájú nínú ògiri ilé ọmọ Ìlọrà?”

Ẹ̀yin tó mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ̀ pé ìlú méjèèjì ò jìnnà síra. Mọ́tò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ á dúró ní Fìdítì, wọn á ra ọsàn, wọn á wá gba Ìlọrà kọjá fìrì, wọn á máa ju èèpo síta lójú fèrèsé. Láti kékeré ni èèpo ọsàn yẹn ti ń dun Ọ̀gá wọ inú eegun.

“Kò kan ìlú kankan, sà,” Dorcas wí. “Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyẹn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé bó bá ṣe wà ní orí kan, bẹ́ẹ̀ ni kó wà ní orí kejì.”

“Ewé ni kó ṣáájú. Àwọ̀ ewé ni àsíá ilẹ̀ wa, àwọ̀ ewé ni fìlà àjọ wa. Kí ọsàn lọ síbi tí ewé wà, kí ewé bọ́ síwájú.”

Dorcas rò ó díẹ̀. “Ó ṣeé ṣe, sà. Mo kàn máa tò ó bẹ́ẹ̀ ní orí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni.”

“Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìránṣẹ́ ń gbà kọjá? Kí ohun tó wà ní pálọ̀ mi tún wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà bíi ti Mùtàlíbù. Tèmi nìkan ni ewé ó ti ṣáájú. Wáyà ọ̀gá kò gbọdọ̀ bá ti akọ̀wé dọ́gba.”

“Bí wọn ò bá bára wọn mu, kò ní ṣiṣẹ́, sà.”

“Á ṣiṣẹ́. Mo ti pàṣẹ.”

Onílé ló ni ilé. Dorcas tò ó bí wọ́n ṣe ní kó tò ó. Ó tan kọ̀m̀pútà méjèèjì, ó ki orí wáyà bọ ihò. Lára àpótí ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná kékeré tó jẹ́ ti Mùtàlíbù tàn yòò. Èyí tó jẹ́ ti Ọ̀gá kò ṣẹ́jú rárá.

Dorcas yọ ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò, tó ní iná mẹ́jọ. Ó fi orí kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìkejì sí pálọ̀. Bí iná kìíní bá tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkẹta ló ń tàn ní pálọ̀. Bí ìkejì bá tàn lọ́hùn-ún, ìkẹfà ló ń tàn níbí. Ó fi han Ọ̀gá. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún un bí ẹni ń ṣàlàyé fún àgbàlagbà.

“Kọ̀m̀pútà ní ẹnu, ó ní etí, sà. Àpótí náà ní ẹnu, ó ní etí. Bí ẹ ṣe ní kí n tò ó yìí, ẹnu dojú kọ ẹnu, etí dojú kọ etí. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ti dé ọ́fíìsì yẹn rí ì bá ti rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ Fìdítì kan dúró sórí àga nínú pálọ̀ òun, ó ní Ọ̀gá kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé ṣọ́ọ̀bù Dorcas: Àjọ ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí di ìgbà tí ìwádìí yóò parí. Dorcas kà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò ṣe òṣìṣẹ́ àjọ náà rí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ wá. Ó fi lẹ́tà náà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan tí kò dúró dáadáa, tábìlì náà sì dúró. Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ìwé Ọ̀gá ṣe fún ènìyàn lọ́dún yẹn nìyẹn.

Ọ̀gá wá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wáyà. Òun ni alága, Ṣàràfá ni igbákejì, Mùtàlíbù ni akọ̀wé, kò sì sí ẹlòmíràn. Ìpàdé àkọ́kọ́ fi wákàtí méjì dúpẹ́ lọ́wọ́ alága. Ní ìpàdé kejì, wọ́n wá ìdí tí wáyà kò fi sọ̀rọ̀.

“Èkúté ni,” Ṣàràfá wí.

Wọ́n fọ́ ògiri níbi mẹ́ta láti wá èkúté. Wọn ò rí èkúté, ògiri náà ò sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i,” Ṣàràfá tún wí, eruku sì bo gbogbo wọn. Ní ìpàdé kẹta ló wá mú òtítọ́ tó jinlẹ̀ jáde. Ó wólẹ̀ kó tó sọ ọ́.

“Ọ̀gá àwọn ọ̀gá, mo ti rí i. Wáyà náà ò bàjẹ́. Ẹ̀rù yín ló ń bà á. Ta ni yóò wà níwájú yín, tí yóò kàn la ẹnu sọ̀rọ̀? Èmi gan-an tó jẹ́ ènìyàn, ó ń gbà mí ní ìṣẹ́jú mélòó kan.”

Ọ̀gá jókòó, ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí wáyà sinmi fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ojú òun lè mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ bàtà kọjá nítòsí ògiri náà. Kí wọ́n má gba àgbẹ̀ kankan wọlé, kí ariwo má baà dí i lọ́wọ́.

Ní àkókò yẹn ni àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Sìrájù ti Ìwàré wá. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, àwọn ẹbí sì ti ń fojú sí oko tó fi sílẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ ààlà oko náà sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ti àdá. Ṣàràfá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní wáyà ń sinmi. Sìrájù padà. Ó tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wáyà ṣì ń sinmi. Bó ṣe ń lọ, ó béèrè bóyá wáyà náà máa ń jẹun, kóun bá a mú iṣu wá.

Àlàkẹ́, ìyàwó Ọ̀gá, tí í ṣe obìnrin tó ní làákàyè, rí bí pálọ̀ òun ṣe di ibi tí wọ́n ń fọ́ kiri, ọ̀rọ̀ náà sú u.

“Bàbá Ìyìn,” ó ní, “ọmọbìnrin yẹn ti sọ ohun tó ṣe wáyà yìí fún yín. Kò ju kí wọ́n yí okùn mẹ́rin padà lọ. Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ pè é.”

“Kí n wá pe ọmọ Fìdítì padà láti wá fi ọsàn ṣáájú?”

“Ṣé ọsàn lẹ fẹ́ jẹ ni, àbí oyè lẹ fẹ́ jẹ?”

Ọ̀gá gbé agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó bọ́ síta. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òótọ́ ni Dorcas sọ, ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti rí iná mẹ́jọ yẹn, ó sì ń dùn ún bí ẹ̀gún tó wọ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́ jáde, á jẹ́ pé òun náà lè ṣàṣìṣe, bíi tíṣà abúlé kan lásán. Ẹ wo bí ìgbéraga ṣe ń ṣe èèyàn: ó mọ ọ̀nà, ó ń wo ọ̀nà náà, ó sì ń rìn lọ sínú kòtò.

Nígbà tó ku ọ̀la tí Arábìnrin Oyèṣílé, tí wọ́n ń pè ní Màmá ìjọba, yóò dé, Ọ̀gá pe Mùtàlíbù. Ó ní kó tẹ lẹ́tà kan sínú kọ̀m̀pútà yàrá ẹ̀yìn báyìí, kó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀: *Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Ọ̀gá Àgbà. Ìjọba mọ rírì yín.* Lọ́la, wọn á bẹ Màmá pé kó tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní pálọ̀. Lẹ́yìn náà, wọn á mú un wá sí yàrá ẹ̀yìn, á sì rí i pé ó ti dé.

Mùtàlíbù yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí wọ́n bá wá tẹ nǹkan mìíràn ńkọ́?”

“Kí ló tún lè fẹ́ bá mi sọ?” Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àwọn èèyàn kún pálọ̀ fọ́fọ́: àwọn àgbà ìlú, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará mọ́sáláṣí, àwọn ẹbí Ọ̀gá àti àwọn tó gbọ́ pé oúnjẹ wà. Arábìnrin Hamidah Oyèṣílé dé ní aago mẹ́wàá pẹ̀lú àpò ìwé kan àti ìbòrí funfun. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ti dàgbà, ohùn rẹ̀ sì tutù débi pé ẹ gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí ẹ tó lè gbọ́ ọ. Ọ̀gá kì í ṣe ẹni tí í dákẹ́. Ó dìde, ó tún agbádá gbé sí èjìká.

“Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrà nílé lóko! Ẹ̀yin ará Ìwàré, ẹ̀yin Akínmọ̀ọ́rìn, àti àwọn tó kù lójú ọ̀nà! Kí wáyà tó dé, báwo la ṣe ń sọ̀rọ̀? Ẹnu la fi ń sọ ọ́! Bí ẹranko! Ta ló wá mú wáyà dé?”

“Ẹ̀yin ni!” Ṣàràfá pariwo.

“Èmi kọ́,” Ọ̀gá wí, ó wolẹ̀, ó sì dúró kí wọ́n jiyàn.

“Ẹ̀yin ni!” ni gbogbo ilé dáhùn, torí òórùn ọbẹ̀ ti ń wọlé.

“Ó dáa. Èmi ta ni, tí màá fi bá àwùjọ jà?”

Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ó gun àga lọ ki orí wáyà bọ ihò níwájú gbogbo ènìyàn, agbádá sì bò ó lójú, ó ń fọwọ́ wá ihò kiri lára ògiri bí ẹni ń wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná nínú òkùnkùn. Ṣàràfá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Àwùjọ pàtẹ́wọ́. Màmá kò pàtẹ́wọ́, ó ń wò ó.

“Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọkàn,” ó ní, “kí ló gbé ihò yìí dé òkè bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀wọ̀ ni, Màmá,” Ṣàràfá dáhùn.

Màmá jókòó sídìí kọ̀m̀pútà. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ fún un, ó tún un sọ, kó má baà gbàgbé. Màmá mi orí. Ó tẹ tirẹ̀: *Ta ló so wáyà yìí?* Ó dìde, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí yàrá ẹ̀yìn, òun àti Ọ̀gá nìkan.

Ní yàrá ẹ̀yìn, Mùtàlíbù dúró bí ọ̀pá. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó sún gíláàsì rẹ̀ mọ́jú, ó kà á sókè: “Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Ọ̀gá Àgbà. Ìjọba mọ rírì yín.” Ó tún un kà. Ó wá yíjú sí akọ̀wé.

“Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo kọ èyí. Ta ló kọ ọ́?”

Mùtàlíbù wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo àjà.

“Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, Màmá, lánàá. Ẹ forí jì mí. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ ni. Wáyà náà ò ṣiṣẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó.” Lójú ẹsẹ̀ ló tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọsàn àti ewé, èkúté, wáyà tó ń sinmi, Sìrájù tí wọ́n lé padà lẹ́ẹ̀mejì, ìwé oko tí òjò ń pa lọ́fíìsì. Ó sọ ọ́ wéré, bí ẹni tó ti ru ẹrù náà pẹ́.

Ọ̀gá fẹ́ sọ̀rọ̀, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì ààbọ̀, ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí láti bá a wí i.

“Ẹ ránṣẹ́ pe oníwáyà náà,” Màmá wí. “Mo fẹ́ rí ohun tó ṣe wáyà yìí kí n tó lọ.”

Ṣàràfá gun ọ̀kadà lọ sí Fìdítì fúnra rẹ̀. Nínú pálọ̀, wọ́n sọ fún àwùjọ pé wọ́n ń tún nǹkan díẹ̀ ṣe, wọ́n sì bu oúnjẹ fún wọn, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan mìíràn. Kò pẹ́ tí Dorcas fi dé. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dá a dúró. Ó gun àga, ó tú ojú ihò, ó yọ okùn mẹ́rin, ó tún wọn tò bíi ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tì wọ́n padà. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé ìgbìmọ̀ lé lórí kò gbà á ju ìgbà tí èèyàn fi ń bó ọsàn kan lọ. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná Ọ̀gá tàn.

“Wọ́n ti ń gbọ́ ara wọn,” Dorcas wí. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò.

Màmá wá wo iná náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àánú ọkùnrin náà ṣe é. Kò fẹ́ dójú tì í níwájú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ará ìlú tó ń jẹun rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí Ọ̀gá lọ jókòó sídìí kọ̀m̀pútà rẹ̀ ní pálọ̀, pé òun ní ọ̀rọ̀ kan tóun fẹ́ bá a sọ, láàárín àwọn méjèèjì nìkan. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá jókòó. Àwọn èèyàn rí i pé ó jókòó, wọ́n gbé àwo sílẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí i. Wọ́n jìnnà díẹ̀, ojú wọn kò sì tó lẹ́tà tó wà lójú kọ̀m̀pútà náà. Nígbà tó yá, àwọn lẹ́tà dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

“Ó dé o!” Ṣàràfá fò sókè. “Ó ti dé! Wáyà ti sọ̀rọ̀!”

Ilé pariwo. Àwọn obìnrin ká ìró sókè, wọ́n ń jó. Bàbá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà pé ohun tí Ọ̀gá gbà lónìí, ọmọ Ìlọrà gbogbo náà á rí gbà. “Àmín!” ni wọ́n ń ṣe, “Àmín ẹ̀!” Lábẹ́ ariwo yìí ni Olúkúnlé Adéṣọkàn ti ń kà á:

*Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọkàn, wáyà tí kò ṣiṣẹ́ kì í lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí oyè, a ó kàn tún un ṣe ni. Irọ́ tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ dè mí ni mi ò lè gbé padà sí Ìbàdàn. Ìwé oko àwọn èèyàn ń rà sínú òjò, ẹ sì ń lé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lé Mùtàlíbù lọ́wọ́ lónìí. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ará Ìwàré yẹn. Lọ́la, ẹ má wá sẹ́nu iṣẹ́ mọ́.*

Ó kà á tán, ó tún un kà. Ojú ń tì í. Àlàkẹ́ ti sún mọ́ ọn lẹ́yìn, òun náà rí i. Ó gbé ọwọ́ lé e ní èjìká.

“Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá! Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá!” ni àwùjọ ń ké. “Ẹ bá wa sọ̀rọ̀!”

Ọkùnrin tó fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ dìde, ó la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó wo ojú wọn. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín sí i, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí inú rẹ̀ kò dùn.

“Ẹ ṣeun,” ó wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà.